Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè ní Wuse: Ibo Ni Kí Owó Kọ́kọ́ Lọ?

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé wá lónìí, àgàgà irú èyí tí táyà rẹ̀ nípọn, tó ní gíà rẹpẹtẹ, tí wọ́n dìídì ṣe fún òkè àti àpáta. Màùntéènì báìkì ni àwọn ọmọ wa ń pè é.

Bí ẹ bá jáde ní Wuse, ní Àbújá níhìn-ín, láàárọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú, ẹ ó rí àwọn tó ń gùn ún. Wọ́n á ti dé akoto, wọ́n á gba Aminu Kano Crescent bọ́ sójú títì ńlá. Àwọn kan á doríkọ òkè Katampe, àwọn mìíràn á gba ọ̀nà Bwari lọ sí agbègbè ìsédò Usuma. Ìlú tó yẹ irú kẹ̀kẹ́ yìí ni Àbújá, nítorí àpáta ló yí wa ká. Ẹni tó bá fi ọ̀dà sílẹ̀ báyìí, orí erùpẹ̀ pupa ló máa bá ara rẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ àti kòtò tí àgbàrá gbẹ́ kalẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn tí kò fojú sí kẹ̀kẹ́ rí ti ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó ra tòkunbọ̀, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ á fi máa yún un láti pààrọ̀ nǹkan. Ó ti rí àwòrán lórí fóònù: gíà 12, fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kì, bíréèkì olómi. Á tu owó jọ, á ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London pé kó bá òun rà á bọ̀. Ọjà á dé, kò ní wọ ara kẹ̀kẹ́. Bó bá sì wọ̀, ọjọ́ tó bá bàjẹ́, á wá irú rẹ̀ yí ìlú ká, kò ní rí. Lójú tèmi, kẹ̀kẹ́ tó dára ní Wuse ni èyí tí wọ́n kọ́ fún ọ̀nà tó máa rìn, fún ara ẹni tó máa gùn ún, àti fún irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ alátúnṣe tó sún mọ́ wa jù. Ohun tó bá kùnà nínú mẹ́ta yìí, bó ti wù kó wọ́n tó, bó ti wù kó máa dán tó, mi ò lè kà á sí àtúnṣe.

Àwọn tó dá kẹ̀kẹ́ orí òkè sílẹ̀ gan-an kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tuntun. Ní Marin County, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣa àwọn ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn jọ, àwọn tí wọ́n ti ṣe láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1950, tí àwọn onílé ti pa tì. Kẹ̀kẹ́ náà wúwo, táyà rẹ̀ nípọn, bíréèkì rẹ̀ sì wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn: bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn, á dúró. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje sísọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan nítòsí ìlú Fairfax, wọ́n sì sọ ọ̀nà náà ní Repack. Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ìsàlẹ̀, gírísì inú họ́ọ̀bù yẹn á ti jóná di èéfín, àfi kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún gírísì mìíràn dì sí i kí kẹ̀kẹ́ tó lè tún rìn.

Ohun tí ọ̀nà náà bà jẹ́ ló sọ ohun tí wọ́n máa pààrọ̀ fún wọn. Bíréèkì kò ràn án, wọ́n lọ wá bíréèkì onílù. Ọwọ́ bíréèkì kò lágbára, wọ́n yọ ti alùpùpù wá. Gígun òkè náà padà di ìṣòro, wọ́n mú gíà kẹ̀kẹ́ ìrìnàjò wá so mọ́ ọn. Ní ọdún 1977, Joe Breeze fi irin chromoly kọ́ férémù tí wọ́n rò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé orí òkè ló máa lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ló tọ́jú kẹ̀kẹ́ náà sí báyìí. Ní 1979, Gary Fisher àti Charlie Kelly dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, Tom Ritchey ń bá wọn jó férémù. Ní 1981, iléeṣẹ́ Specialized gbé Stumpjumper jáde, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè wọ ṣọ́ọ̀bù rà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1996, eré kẹ̀kẹ́ orí òkè ti wọ ìdíje Olympics ní Atlanta. Kò sí èyíkéyìí nínú ìyípadà àkọ́kọ́ yẹn tí wọ́n ṣe torí pé ó wuyì lójú.

Tom Ritchey yìí kan náà ló rìnrìn àjò lọ sí Rwanda ní ìparí ọdún 2005. Ó rí bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ru kọfí lórí òkè, tí àwọn mìíràn ń fi kẹ̀kẹ́ onígi kó ẹrù. Ó padà, ó ya kẹ̀kẹ́ gígùn kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gba àpò kọfí. Ní ọdún 2005 yẹn náà, F. K. Day, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iléeṣẹ́ SRAM sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ Leah dá ẹgbẹ́ World Bicycle Relief sílẹ̀. Iléeṣẹ́ SRAM wà lára àwọn tó ń ta gíà olówó gọbọi jù lọ lágbàáyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ kẹ̀kẹ́ fún ìgbèríko Áfíríkà, èyí tí wọ́n pè ní Buffalo, wọ́n fi bíréèkì tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn sí i, férémù irin tó nípọn, àti àtẹ ẹ̀yìn tó lè gbé ẹrù 100 kílò. Nígbà tí wọ́n wá ṣe irú rẹ̀ mìíràn tó ní gíà ní 2023, gíà 2 péré ni. Kò ní wáyà gíà, kò sì ní apá tó ń gbé ṣéènì kiri ní ìta, èyí tí òkúta lè tẹ̀. Ṣéènì méjì àti fíríwìlì méjì ni wọ́n lò. Ẹni tó ń gùn ún á fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn díẹ̀, gíà á yí. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn púpọ̀. Àwọn tó mọ gíà 12 dénú ló yan gíà 2, nítorí wọ́n ti kọ́kọ́ béèrè pé ta ni yóò tún un ṣe níbi tó ń lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Wuse, ká gbé kẹ̀kẹ́ tiwa sórí ìdúró.

Ara ẹni tó máa gùn ún ni kí a kọ́kọ́ wò. Férémù tó bá tóbi ju ènìyàn lọ, kò sí ohun tí a lè rà sí i tí yóò bá a mu. Ẹ dúró gba ọ̀pá òkè kọjá, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kí àyè wà láàárín ọ̀pá náà àti ara yín. Ẹ wá jókòó lé sáàdù, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ráhùn pé kẹ̀kẹ́ ń pa òun lórúnkún, sáàdù rẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù. Gbígbé e sókè kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ara àti kẹ̀kẹ́ yìí dùn mí ní ìdíje Olympics ti Paris ní 2024. Ese Ukpeseraye, ọmọ wa tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún Nàìjíríà, ló fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí ayélujára pé wọ́n ta òun lólobó lójijì pé òun máa kópa nínú eré kẹ̀kẹ́ pápá tí wọ́n ń pè ní keirin àti sprint, òun kò sì ní kẹ̀kẹ́ pápá tí òun máa lò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Jámánì tó yá a ní ọ̀kan. Àwọn ará Jámánì ṣe é lóore, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n pápá eré kẹ̀kẹ́ ń bẹ nínú ọgbà pápá ìṣeré MKO Abiola ní ìlú Àbújá yìí! Láti ọdún 2003 tí wọ́n ti ṣe ìdíje gbogbo Áfíríkà níbí ló ti wà. Ilé wà, elére wà, agbára ẹsẹ̀ wà. Ohun tí kò sí ni kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wọn ara ọmọ náà kí wọ́n tó kọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ kíkọ́ kẹ̀kẹ́ bí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì, tí mi ò kà á sí eré àwọn olówó.

Táyà ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ó yẹ kí owó àkọ́kọ́ lọ. Táyà tòkunbọ̀ ti gbẹ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń là wẹ́wẹ́. Kò sí gíà tó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ táyà tó bẹ́ lórí ìsọ̀kalẹ̀ Katampe. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà. Wọ́n á ní táyà 26 ni. Ìwọ̀n 26 tí wọ́n ń lò fún kẹ̀kẹ́ orí òkè, 559 mílímítà ni inú rímù rẹ̀. Ìwọ̀n 26 ti àwọn kẹ̀kẹ́ Rálè kan láyé àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ 1⅜ mọ́, 590 ni tirẹ̀. Orúkọ bára mu, táyà kò bára mu rárá. Ti 27.5 jẹ́ 584, ti 29 jẹ́ 622. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́ta yìí sábà máa ń wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà. Òun ni kí ẹ kọ sínú fóònù yín kí ẹ tó lọ sọ́jà, òun náà sì ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní London.

Fáàfù náà ńkọ́? Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó sanra, bákan náà ló rí pẹ̀lú ti ọkọ̀. Fọkanáísà èyíkéyìí láti Zone 1 dé Zone 7 ní Wuse lè fẹ́ ẹ. Èyí tó tín-ínrín tó ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí, ẹnu pọ́ọ̀ǹpù wọn kò ní mú un, àfi tí ẹ bá ní ìsopọ̀ kékeré kan nínú àpò. Èyí tó sanra ni mo máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi sílẹ̀ bó bá ti wà níbẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún fọkanáísà kó má fẹ́ ẹ le bí òkúta. Táyà onínípọn tó ní túùbù, fún ẹni tó wọn nǹkan bí 75 kílò, láàárín 25 sí 35 psi ló sábà máa ń tẹ́ ẹ lọ́rùn lórí erùpẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, táyà á máa ta lórí òkúta, kò ní di ilẹ̀ mú. Àwọn kan ti yọ túùbù kúrò pátápátá, wọ́n ń da omi ìdíhò sínú táyà. Ó dára fún ẹ̀gún, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ooru wa máa ń gbẹ omi náà kíákíá, ẹni tó bá gbàgbé láti fi kún un lásìkò ọyẹ́ á kàn máa gbé awọ gbígbẹ kiri nínú táyà ni.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí bíréèkì, nítorí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Bíréèkì olómi lágbára, ìka kan péré ló ń fẹ́. Ewu tó wà níbẹ̀ ni irú omi tí a ń rọ sí i. Oníbàárà á dé, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ bíréèkì mi ti rọ̀, ẹ bá mi fi òróró sí i.” Ẹ̀gbọ́n á rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ onípáàtì ọkọ̀. Ọmọ á ra DOT 4 bọ̀, nítorí òun ló wà níbi gbogbo. Bó bá jẹ́ pé bíréèkì Shimano ni, tàbí Tektro, tàbí Magura, wọ́n ti bà á jẹ́ nìyẹn. Òróró mineral ni àwọn yẹn ń mu. DOT á wú rọ́bà inú rẹ̀, rọ́bà á há, bíréèkì á kọ̀ láti tú sílẹ̀ tàbí kó kọ̀ láti mú, bóyá lójú ìsọ̀kalẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ bíréèkì SRAM ni DOT wà fún ní tiwọn, bí ẹ bá sì fún wọn ní mineral, ìyà kan náà ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ìdérí lórí ọwọ́ bíréèkì. Ẹ ka ìdérí yẹn sétí alátúnṣe yín kí ó tó ṣí ìgò.

Nítorí èyí, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Àbújá, bíréèkì onídíìsìkì tó ń lo wáyà ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn. Wáyà ń bẹ lọ́jà, ẹni tó bá mọ sípánà lò lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó lágbára sí i, ẹ fi díìsìkì 180 mílímítà rọ́pò 160 níwájú, tí fọ́ọ̀kì yín bá gbà á láyè. Àwọn páàdì tuntun pẹ̀lú wáyà tuntun àti díìsìkì tó fẹ̀ díẹ̀ máa ń yí kẹ̀kẹ́ padà ju ohun tí àwọn ènìyàn lè rò lọ.

Rímù àti sípóòkù ni ibi tí àwọn àgbà alátúnṣe wa ti ju gbogbo ìwé lọ. Kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa, Rálè, Rudge àti Hercules, 32 ni sípóòkù iwájú, 40 ni tẹ̀yìn, nítorí ẹ̀yìn ló ń gbé iṣu, àpò kòkó àti ìyàwó. Ẹni tó kọ́ bí a ti ń fa 40 sípóòkù yẹn títí rímù á fi dúró gbọn-in, kó máa yí láìmì, iṣẹ́ tó mọ̀ yẹn náà ni 32 sípóòkù ti kẹ̀kẹ́ orí òkè ń fẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Á ta sípóòkù, á gbọ́ ohùn rẹ̀, á mọ èyí tó dẹ̀. Bí aludùndún ti ń fa ọṣán ìlù ni. Sípóòkù tó dẹ̀ ló máa ń ṣẹ́, èyí tó le dọ́gba pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń pẹ́. Kí ẹ tó ra rímù tuntun, ẹ gbé ti àtijọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó fà á yẹ̀wò.

Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn nìkan ni màá ti sọ pé kí ẹ má ṣe fara mọ́ ti àtijọ́, bí ara yín bá wúwo. Àwọn kẹ̀kẹ́ tí kò wọ́n, fíríwìlì ni wọ́n ń yí mọ́ họ́ọ̀bù, bẹ́árìn ọ̀tún sì jìnnà sí etí férémù. Gbogbo ìwúwo á wá dúró lórí irin ọ̀pá tí kò ní àtìlẹ́yìn, á tẹ̀. Shimano ló gbé họ́ọ̀bù mìíràn jáde ní 1978 tó ti bẹ́árìn náà lọ sí ìta, èyí tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, ìdìpọ̀ àwo eléyín tí à ń kì bọ ara họ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ti ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn léraléra, ẹ yé ra ọ̀pá. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn odidi tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì ni kí owó yín lọ bá.

Ó kan gíà, tí gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò pọ̀. Gíà tuntun tí wọ́n ń polówó, àwo eléyín kan ní iwájú, eyín 32, àti kásẹ́ẹ̀tì onígíà 12 lẹ́yìn, tí àwo tó tóbi jù níbẹ̀ ní eyín 50. Ẹ fi 50 pín 32: 0.64. Ìyẹn ni pé bí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn kò yí ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ wá mú kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ní àwo mẹ́ta níwájú, tí èyí tó kéré jù ní eyín 22, tí eyín ẹ̀yìn tó tóbi jù sì jẹ́ 34. Ẹ fi 34 pín 22: 0.65. Òkè kan náà ni méjèèjì máa gbé yín gùn! Bí táyà tòkunbọ̀ yẹn bá sì jẹ́ 26, tí tuntun jẹ́ 29, ti àtijọ́ tún fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ jù, nítorí àyíká táyà rẹ̀ kéré. Mi ò sọ pé gíà tuntun kò dára. Ó rọrùn láti yí, ṣéènì rẹ̀ kì í tètè já bọ́, ohun tó lè bàjẹ́ níwájú sì dín kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rò pé òun kò lè gun Katampe nítorí gíà, kó kọ́kọ́ ka eyín tó ní.

Bí ẹ bá sì pinnu pé ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ rántí pé ìdílé ni gíà. Ọwọ́ tó ń yí i, apá tó ń gbé ṣéènì lẹ́yìn, kásẹ́ẹ̀tì àti ṣéènì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Kásẹ́ẹ̀tì onígíà 12 ti Shimano tàbí ti Eagle ti SRAM sábà máa ń fẹ́ họ́ọ̀bù tó yàtọ̀ sí èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ onígíà 8 tàbí 9. Owó gíà á wá di owó họ́ọ̀bù, owó họ́ọ̀bù á di owó sípóòkù. Fún ìlú wa, gíà 9 tàbí 10, irú Alivio tàbí Deore, ni ọkàn mi balẹ̀ sí jù.

Ṣéènì ló ń pa gíà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ààyè láàárín pín-ìnnì kan àti èkejì lára ṣéènì jẹ́ ààbọ̀ ínǹṣì, bó ṣe rí lára ti Rálè nìyẹn, bó ṣe rí títí dòní. Nítorí náà, ẹ mú rúlà oníínǹṣì. Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí pín-ìnnì kan: pín-ìnnì kẹrìnlélógún síwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ínǹṣì 12 gẹ́lẹ́. Bó bá ti kọjá pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínǹṣì, ẹ pààrọ̀ ṣéènì nìkan. Bí ẹ bá dúró títí tó fi kọjá ìdá kan nínú mẹ́jọ, ó ti jẹ eyín gíà náà, gbogbo rẹ̀ lẹ máa rà. Kí ẹ má sì da epo ẹ́ńjìnnì sí i nígbà ọyẹ́. Epo yẹn á gba eruku mọ́ra, á di ohun tó ń lọ irin. Díẹ̀ ni kí ẹ kán sí i, kí ẹ fi àkísà nu èyí tó bá wà níta kúrò.

Fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kì tó pọ̀ lára tòkunbọ̀ aláìwọ́n, ìwúwo lásán ni, ìpẹtà sì ti dì í pa. Fọ́ọ̀kì irin tí kò ní ṣọ́ọ̀kì, pẹ̀lú táyà tó fẹ̀, á gbé yín débi gbogbo nínú ìlú yìí. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra èyí tó dára gan-an, kó wo gígùn rẹ̀. Bó bá fi nǹkan bí 20 mílímítà ga ju èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ á tẹ̀ sẹ́yìn tó nǹkan bí dígírì kan, yíyí rẹ̀ kò ní rí bákan náà mọ́.

Férémù irin ni mo fẹ́ràn fún Nàìjíríà, mi ò fi pamọ́. Chromoly tó bá là, ẹni tó mọ iṣẹ́ jíjó irin ní Apo Mechanic Village lè bá yín jó o. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, àmọ́ lẹ́yìn jíjó ó tún ń fẹ́ ooru tó níwọ̀n kí agbára rẹ̀ tó padà, a kì í sì í rí ìyẹn ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Ti carbon, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn tó ní ẹni tó ń tún un ṣe nítòsí. Kí ẹ sì wo ibi tí ọ̀pá pẹ́dàlì ti gba inú férémù kọjá. Bó bá ní ojú róòǹdù tí à ń yí nǹkan sí, ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ BSA ní Birmingham fi lélẹ̀ láyé àwọn bàbá bàbá wa ló ṣì sábà jẹ́, ínǹṣì 1.37, ìlà 24 nínú ínǹṣì kan. BSA yìí náà ni ti kẹ̀kẹ́ tí olùkọ́ àti akọ̀wé ń gùn nígbà náà o! Àwọn férémù tuntun mìíràn ti pa á tì, wọ́n ń tẹ bẹ́árìn wọlé lásán ni; nínú eruku wa, wọn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, pẹ́dàlì òsì àti ìdè ọ̀tún ti ọ̀pá BSA yẹn, òdìkejì ni wọ́n ń yí. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí apá pẹ́dàlì alumíníọ̀mù tó dára tí ojú róòǹdù rẹ̀ ti jẹ tán, torí pé ẹnì kan fi gbogbo ara yí i síbi tí kò yẹ.

Bí wọ́n bá wá kọ́ kẹ̀kẹ́ náà tán, ẹ má gbé e lọ sí Bwari lọ́jọ́ kìíní. Ẹ gùn ún láàárín Wuse fún wákàtí kan, kí ẹ tẹ bíréèkì níwọ̀nba léraléra lórí ibi tó tẹ́jú kí páàdì lè mọ díìsìkì. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ọ. Sípóòkù tuntun á ti jókòó, àwọn kan á ti dẹ̀, á tún wọn fà. Wáyà á ti gùn díẹ̀, á fún un. Á fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì láti orí hándù dé ẹ̀yìn. Owó ìpadàwá yìí ni kí ẹ ti bá a sọ ṣáájú, kí ẹ sì san owó ọwọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, kó má dà pọ̀ mọ́ owó ọjà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró tì yín wo bí ọ̀gá rẹ̀ ti ń fa sípóòkù.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí kan náà, ọ̀rọ̀ akoto àti iná ẹ̀yìn ni màá gbé wá fún yín.